Ẹ Má Bu Ilẹ̀ Ààtàn Sínú Ìkòkò Ẹ̀fọ́ Yín

Bí ẹ bá gba ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí ọrọ̀ tí wọ́n ń dà nù: èèpo iṣu, ewé tó ti rọ, tòmátì tó ti rà. Lọ́dọ̀ àwọn onípákó, lẹ́búlẹ́bú igi wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. (Èyí tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí, ẹ fi sílẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà á rántí ààtàn ẹ̀yìnkùlé tí tẹ̀tẹ̀ máa ń hù sí fúnra rẹ̀. Ààtàn òde òní kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bátìrì ọkọ̀ wà níbẹ̀, òjé inú rẹ̀ kì í sì í jẹrà. Ó lè bá ẹ̀fọ́ wọ inú ọmọ, kó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ ṣe tiyín nílé. Ẹ lu ihò sídìí garawa ńlá, ẹ da èèpo sí i, kí ẹ da ewé gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú igi ìlọ́po 2 lé e. Ẹ wọ́n omi díẹ̀, ẹ dé e, ẹ máa rò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ẹran sí i, nítorí eku. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Láàárín oṣù 4 sí 6, yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ po ìwọ̀n 1 rẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ ìwọ̀n 2, kí ẹ gbin ṣọkọ̀ sí i.