Sí Ọmọ Mi, Lórí Ọ̀rọ̀ Sàlúùnù

Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní nígbà tí olùkọ́ yín dárúkọ sàlúùnù, ṣọ́ọ̀bù ìdirun mi ló wá sí ọ lọ́kàn, kó tó wá yé ọ pé ilé àwọn ìyá ọlọ́lá ní Paris ló ń sọ, ojú sì tì ọ́. Má jẹ́ kójú tì ọ́ mọ́.

Òótọ́ lolùkọ́ yín sọ. Láyé àtijọ́, ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, Madame de Rambouillet a máa gba àwọn òǹkọ̀wé lálejò nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tó yá, Madame Geoffrin ya ọjọ́ Ajé sọ́tọ̀ fáwọn ayàwòrán, ó ya Ọjọ́rú sọ́tọ̀ fáwọn òǹkọ̀wé. Ní 1725 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ àwòrán nínú gbọ̀ngàn Salon Carré láàfin Louvre, bí orúkọ gbọ̀ngàn ṣe mọ́ ìpàtẹ náà lára nìyẹn. Ní 1759, òǹkọ̀wé Diderot bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èrò rẹ̀ lórí àwọn àwòrán náà, wọ́n sì tún ń pe ohun tó kọ ní Salon.

Àwa náà ní tiwa. Ní 1961, Ulli Beier, Wole Soyinka, Christopher Okigbo, J.P. Clark, Chinua Achebe àti Es'kia Mphahlele pẹ̀lú àwọn mìíràn kóra jọ dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéwì, tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé. Ìwé ewì Heavensgate tí Okigbo kọ jáde lọ́dọ̀ wọn ní 1962. Lọ́dún kan náà, òṣèré Dúró Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ l'Óṣogbo di ibùdó Mbari Mbayo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ẹni tí a di irun rẹ̀ dé ìdajì kò lè dìde lọ. Ọwọ́ mi kò dilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wa dilẹ̀. Obìnrin tí kì í lanu níwájú àwọn àgbà ọkùnrin nílé a máa sọ tinú rẹ̀ níbí, bóyá mò ń di ṣùkú fún un ni o, bóyá kòlẹ́sẹ̀ ni. Èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí kò yẹ kó jókòó ti ẹnì kejì, kí n mọ ìgbà tó yẹ kí n yí ọ̀rọ̀ padà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ọmọ mi.

Òǹkọ̀wé Chimamanda Ngozi Adichie mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Americanah, tó jáde ní 2013, Ifemelu, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Princeton lọ dirun ní Trenton. Orí àga yẹn, láàárín àwọn onídìrí tó wá láti Senegal àti Mali, ni òǹkọ̀wé náà ti ń mú wa padà sí ìgbà èwe Ifemelu ní Nàìjíríà.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí rèé. Àwọn ìyá tó ń ti Òde-Ìrèlè àti Ìlútitun wá sọ́dọ̀ mi ṣì ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ tí kò lábùlà: òwe wọn, ìtàn ìdílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe pupuru àti epo pupa. Àwọn ọmọ wọn ò gbọ́ ìdajì rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá gba ìsinmi, mú ìwé àti bírò wá, kí o jókòó tì mí. Kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, má sì kọ àṣírí ẹnikẹ́ni. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.