Ohùn Pedal Steel àti Orúkọ Àníkẹ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n mọ̀ pé mo máa ń ta gìtá ti bi mí léèrè pé kí ni ó pa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ pedal steel, gìtá tí àwọn olórin ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Ìdáhùn mi kò gùn: ohùn ni. Èdè olóhùn ni èdè Yorùbá, gìtá yìí sì wà lára àwọn ohun èlò orin tí ó lè yọ́ láti orí ohùn kan bọ́ sórí òmíràn láìfò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi tòní kò dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń mú kí gìtá náà dún bí ó ti yẹ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní modeler, nítorí pé iṣẹ́ kan wà níwájú mi tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pedal steel kì í ṣe gìtá tí à ń gbé kọ́ ọrùn. Ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, okùn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 10. Ọwọ́ òsì ni a fi ń gbé ọ̀pá irin lé okùn lórí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń ta á. Ẹsẹ̀ òsì ń tẹ pẹ́dà, orúnkún méjèèjì ń ti irin sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lórí pẹ́dà mìíràn tí ń mú ariwo pọ̀ sí i tàbí kí ó dín in kù. Àwọn ará Hawaii ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ́ lórí okùn gìtá ní ìparí ọ̀rúndún 19. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi pẹ́dà kún un. Orin "Slowly" tí Webb Pierce gbé jáde ní 1954, èyí tí Bud Isaacs bá a ta gìtá sí, ni ó jẹ́ kí àwọn olórin mọ ohun tí pẹ́dà lè ṣe. Ní ti wa níhìn-ín, ẹni tí ó bá ti gbọ́ àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982 ti gbọ́ pedal steel. Demola Adepoju ni ó ń ta á. Òun kan náà ni ó ta á nínú orin "Graceland" ti Paul Simon ní 1986. Gìtá Hawaii ni àwọn àgbà olórin jùjú kan ń pè é.

Ọ̀kan nínú irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni ó ni gìtá tí mo ń ta. Ó ti bá ẹgbẹ́ jùjú ta á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí kò lè di irin mú mọ́, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n wá gbé e lọ. Kò gba kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè. Àníkẹ́ ni oríkì ìyàwó rẹ̀ tí ó ti di olóògbé, ìrántí ọdún karùn-ún sì ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá fẹ́ kí gìtá náà pe orúkọ yẹn lójú agbo, bí òun náà ti máa ń fi pè é nígbà tí ìyá ṣì wà láyé. Ó ní, "Dókítà, ìwọ ni o kàwé lórí ohùn. Jẹ́ kí ó pè é kí n gbọ́."

Ańpílífáyà tí Bàbá ń lò ti kú tipẹ́tipẹ́. Irú èyí tí àwọn ọ̀jẹ̀ nídìí pedal steel fẹ́ràn, bíi Fender Twin Reverb, wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 29. Gílóòbù onígíláàsì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ iná tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé àdúgbò bíi tèmi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Modeler ní tirẹ̀ ṣe é gbé sábẹ́ apá, ìńfátà kékeré sì tó o. Kọ̀ǹpútà ni í ṣe, kì í ṣe nǹkan mìíràn: ó ń wọn ìró tí ó ti inú gìtá wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (48,000 ni ó wọ́pọ̀), ó ń ṣírò ohun tí ańpílífáyà àti sípíkà kan pàtó ìbá ti fi ìró náà ṣe, ó sì ń dá èsì ìṣirò náà padà di ìró. Láti ìgbà tí Line 6 ti gbé POD jáde ní 1998 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù olórin.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olókùn mẹ́fà ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí sábà máa ń ní lọ́kàn. Agbára ìró tí ń ti inú pedal steel jáde pọ̀ ju ti gìtá lásán lọ, nítorí pé wáyà tí wọ́n máa ń we mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Bí ó bá wọlé bẹ́ẹ̀, yóò há. Olókùn mẹ́fà a máa fẹ́ kí ohùn òun há díẹ̀, pàápàá nínú orin rọ́ọ̀kì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wa kì í kúrò lórí pẹ́dà aláriwo. Bí ìró bá ti ń kú lọ ni à ń tẹ̀ ẹ́ sí i kí ó lè pẹ́. Bí ańpílífáyà bá ń há nígbà tí ariwo bá pọ̀ tí ó sì ń mọ́ nígbà tí ó bá kéré, ìró kan ṣoṣo yóò máa pààrọ̀ àwọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni bí ọ̀gà. Nítorí náà, ìró àbáwọlé ni mo kọ́kọ́ dín kù, mo yan ańpílífáyà tí ohùn rẹ̀ mọ́ jù lọ nínú ẹ̀rọ, mo sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ lókè.

Ibì kan tún wà tí kò hàn sójú. Ìró tí ń ti inú gìtá jáde láìní bátìrì kò lágbára láti ru ẹrù. Bí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ kò bá ga tó (mẹ́gáòmù kan ni mo fi tèmi sí), tírẹ́bù yóò ti dànù kí ìṣirò kankan tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ́dà aláriwo olókè-sódò ti ayé àtijọ́ náà a máa jẹ tírẹ́bù bí a bá ti ń pa á dé. Mo gbé tèmi kúrò láàárín gìtá àti ẹ̀rọ, mo fi í sí ojú ihò àjáde-àtúnwọlé tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju gbogbo bọ́tìnnì tí mo yí lọ.

Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi má ṣì mí gbọ́ lórí tírẹ́bù yìí. Bí olórin bá sọ pé òun dín ohùn òkè kù, kì í ṣe ohùn òkè tí à ń fi àmì sí lórí fáwẹ̀lì ni ó ń sọ. Bí mo bá gé tírẹ́bù kúrò pátápátá, Àníkẹ́ yóò ṣì máa jẹ́ Àníkẹ́. Kìkì pé yóò dàbí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó da aṣọ borí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ béèsì, mídù àti tírẹ́bù bí àwọn olórin ti ń sọ ọ́, kí àwa onímọ̀ èdè lè fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ṣe tiwa. Nínú ìtò E9 tí gìtá Bàbá wà, okùn tí ó wà nísàlẹ̀ jù lọ ń dún ní nǹkan bí 123 Hz, tí í ṣe agbègbè ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí mo bá gé ohun gbogbo tí ó wà lábẹ́ 80 Hz, n kò pàdánù nǹkan kan àfi ariwo. Àwọn onípedal steel máa ń dín mídù kù ní nǹkan bí 800 Hz kí ohùn lè rọ̀. Mo dín in kù, ṣùgbọ́n n kò tó wọn; gìtá tí yóò pe orúkọ kò gbọdọ̀ rọ̀ jù. Ní ti sípíkà, mo yan àwòrán ìró sípíkà oní-íǹṣì 15, èyí tí ó bá gìtá yìí mu ju oní-12 lọ.

Nígbà tí Bàbá wá, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ètò tí ó bá ẹ̀rọ náà wá fún pedal steel bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ ohun tí etí rẹ̀ yóò sọ. Gbohùngbohùn gígùn wà nínú rẹ̀, ohun tí ń tẹ ìró pẹrẹsẹ wà nínú rẹ̀, ó dùn bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Mo pe orúkọ náà. Bàbá gbójú sókè, ó ní, "Ta ni Àbẹ̀kẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìsàlẹ̀, òkè, òkè ni Àníkẹ́. Ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè ni Àbẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àmọ̀kẹ́, àti Àjàní, Àlàní, Àkànní lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lókè nínú èdè wa. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gùn bọ̀, òun ni à ń pè ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́. Nínú Àníkẹ́, orí sílébù kejì ni yíyọ́ náà ti wáyé. Nínú Àbẹ̀kẹ́, ó di orí ìkẹta. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ó ya obìnrin méjèèjì sọ́tọ̀ létí olùgbọ́ ni ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, olùgbọ́ kò sì lè mọ ibẹ̀ bí kò bá mọ ibi tí sílébù kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ètò aládùn yẹn ti pa ààlà sílébù rẹ́. Gbohùngbohùn sílébù àkọ́kọ́ ṣì ń dún ní ìsàlẹ̀ nígbà tí ìkejì ti ń gòkè, etí Bàbá sì ka ìsàlẹ̀ méjì.

Mo yọ ohun tí ń tẹ ìró pẹrẹsẹ kúrò, kí títa ìka lè hàn lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró sójú kan. Gbohùngbohùn kò ju díẹ̀ lọ mọ́, mo sì jẹ́ kí ó dúró fún 40 mìlísẹ́kọ́ńdì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ìbẹ̀rẹ̀ ìró lè kọjá ní mímọ́. Tírẹ́bù tí mo ti gé ní 5,000 Hz, mo sún un lọ sí 6,500, nítorí pé ibẹ̀ ni ìró ìka wà. Lẹ́yìn náà, mo gba ohùn Bàbá fúnra rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń pe orúkọ náà, mo gbé e sínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, tí àwa onímọ̀ fonẹ́tíìkì fi ń ya àwòrán ohùn. Mo wo ibi tí ìlà náà ti ń gùn. Mo gbìyànjú láti fi pẹ́dà A ṣe yíyọ́ náà. Ohùn kan péré ni ó ń gùn, ó sì ń dún bí ẹni tí ń kọrin, kì í ṣe bí ẹni tí ń pe ènìyàn láti inú yàrá. Irin ọwọ́ òsì ni mo fi ṣe é níkẹyìn.

Mo tún pe orúkọ náà. Bàbá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó tún ní kí n tún un pè.

Ohun tí ó kù ni ọjọ́ náà gan-an. Abẹ́ kánópì ni a ó wà, àwọn tí ń fi sípíkà háyà ni yóò gbé ìró wa jáde, wọn a sì máa fi gbohùngbohùn sí ohun gbogbo, títí kan àdúrà. Tààrà ni modeler yóò wọ inú ẹ̀rọ wọn, láìsí máìkì kankan láàárín, mo sì ti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi nǹkan kan kún ojú ọ̀nà gìtá. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Bàbá ní kò sí wàhálà, iwájú sípíkà gan-an ni òun yóò gbé àga òun sí.