ÌRÀWỌ̀ TÍ A YÀ LÓRU NÍ ÌSẸ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí àwòrán ìràwọ̀ tí a gbé síbí lọ́jọ́ Àìkú, tẹ́ ẹ ń béèrè ibi tí pásítọ̀ yín ti rí kámẹ́rà ńlá, ẹ jókòó, a fẹ́ sọ bó ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ìsàlẹ̀ ló wà.

Àwa méjì la lọ. Ọ̀kan nínú wa ń wàásù, ìkejì ń ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ la jẹ́ láti ilé ìwé girama. Òun ló ya fọ́tò ìgbéyàwó wa, òun ló ya ìsọmọlórúkọ gbogbo ọmọ wa. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń sọ pé òun fẹ́ ya ìràwọ̀ lójú ọ̀run Èkìtì. "Ó di ọdún tó ń bọ̀," la máa ń dá a lóhùn. Ní November tó kọjá ló ní, "Pásítọ̀, ọdún yìí ni o. Mi ò mọ̀ bóyá màá rí i lọ́dún tó ń bọ̀."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn síbì kan ná.

November dára fún irú iṣẹ́ yẹn: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ ò sì tíì kó eruku dé. A yan alẹ́ tí kò ní òṣùpá. Ìkẹ́rẹ́ la kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ rí á mọ Olósùnta, àpáta ńlá tó dúró gbagidi lórí ìlú. Òròlé náà wà níbẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, kí lẹ ń wá nídìí Olósùnta?" Lóòótọ́, wọ́n ń bọ ọ́, ọdún rẹ̀ sì lókìkí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá àpáta. A dúró lẹ́bàá títì, oòrùn sọ òkúta náà di pupa bí epo, a yà á.

Níbẹ̀ lọ̀rẹ́ wa ti sọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ fún wa, agbẹ́gilére Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ní Wembley, ní London, lọ́dún 1924. Wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀, British Museum ló sì wà dòní. Ó ní, "Ó wù mí kí n fojú ara mi rí i. Ó dà bíi pé ó ti bọ́." A rò pé ọ̀rọ̀ owó ló ń sọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tá a fi dé Ìsẹ̀. A ò rin òru o! Láti January 2024 tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn lágbègbè Emùré, ta ló tún ń fi ọ̀nà yẹn ṣeré lálẹ́? Àwọn ìyàwó wa ti kìlọ̀ fún wa kíkankíkan. Ọgbà ìjọ pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan la sùn sí. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán, a jẹ ẹ́ dọ́ba. Iná ò sí. Lọ́jọ́ mìíràn à bá kùn. Lálẹ́ yẹn, ọpẹ́ la dá, torí òkùnkùn lẹni tó fẹ́ ya ìràwọ̀ ń wá.

Ó gbé kámẹ́rà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé ojú kámẹ́rà á là sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ìmọ́lẹ̀ kékeré lè kóra jọ sínú rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ìràwọ̀ á fa ìlà, nítorí ayé ń yí. Òríọ́nì tí Ọlọ́run fi bi Jóòbù léèrè ní orí 38 ti yọ níhà ìlà oòrùn. A ń wòkè, inú wa ń dùn. Ló bá ní kóun sún mọ́ kámẹ́rà, ló bá fẹsẹ̀ kọ irin, díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ dà lulẹ̀. Irin tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀! A bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Pásítọ̀, ìràwọ̀ mélòó lo rí?"

A ní ta ló lè kà á.

Ó ní, "Èmi rí bíi mẹ́wàá. Àwọn tó kù, inú kámẹ́rà ni mo ti ń rí wọn."

Ṣé ẹ rí i, glaucoma ni. Dókítà ti sọ fún un lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó wá sí ìsọjí wa. A gbé ọwọ́ lé e, a kéde pé ojú náà ti là. Ó gbà á gbọ́. Ó pa oògùn tì fún oṣù mẹ́jọ. A ò sọ pé kó pa á tì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ò bi í léèrè rí. Ẹ̀rí la fẹ́ gbọ́. A fún un ní máìkì, ìjọ pàtẹ́wọ́, ó tán. Glaucoma yìí kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń jẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, èèyàn á rò pé dáadáa lòun wà. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ní èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù ni kó dáàbò bò.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa?" la bi í.

Ó ní, "Kí n wá sọ pé àdúrà yín ò gbà? Níwájú ìjọ?"

Ará, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ, àwa tá a máa ń fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tá a jókòó sí. Ó ní òun ti dárí jì wá tipẹ́. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún ní aago mẹ́wàá pé àkókò oògùn ti tó, àwa la tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́yìn náà ló fi wá síṣẹ́: ká máa wòkè, ká máa sọ ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí, òun á máa yí kámẹ́rà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí di aago mẹ́ta. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a lọ sí Emùré, ó ya àwọn àgbẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko nínú ìkùukùu.

A ṣì gbà pé Jésù ń wo sàn. A ti rí i, a ò sì ní dákẹ́ lórí ojú yìí. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí, ẹni tá a bá gbàdúrà fún nínú ìjọ wa, a ó tún bi í pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Dókítà ló máa sọ pé kẹ́ ẹ dá a dúró, kì í ṣe pásítọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ní káwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àlùfáà. Ìwòsàn tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kì í sá fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún, pàápàá bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní in, ẹ lọ yẹ ojú wò lọ́sẹ̀ yìí. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú.

Òun ló ní ká kọ èyí, ó kàn ní ká má dárúkọ òun. Ẹ padà lọ wo àwòrán náà. Gbogbo ìràwọ̀ tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, àwa la júwe, òun ló yà á. Ẹ bá wa gbàdúrà fún ojú rẹ̀. Olúwa á tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà gbogbo wa. Àmín.