Títò Ló Ṣáájú: Iṣẹ́ Bọ́ọ̀dù ní Kumasi

Bọ́ọ̀dù ni mò ń yà, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ inú rédíò, ṣájà, ínfátà àti fóònù. Ẹni tó bá ti tú rédíò rí á ti rí i: lókè, àwọn rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ dúró ti ara wọn; nísàlẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń yà á máa pinnu ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan máa dúró, ìyẹn títò, lẹ́yìn náà á fa ọ̀nà bàbà láti ẹsẹ̀ ẹ̀yà kan dé ẹsẹ̀ èkejì. Fífa ọ̀nà yìí ni gbogbo ayé máa ń rò pé ó jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ní Kumasi, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé ìdí títò ni bọ́ọ̀dù ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ ní Kumasi bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá ayé ìgbà náà, kó tó di pé ìjọba Busia gbé òfin jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí wọ́n fi kó ẹrù wálé. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, níwèé ní tirẹ̀, kò kúrò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì padà sí nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Òun ló mú mi lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní àdúgbò Asafo ní Kumasi. Ọmọ Asante ni ọ̀gá yìí, Twi la fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì ń pè é ní Màsítà. Ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń to ámpílífáyà fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn rédíò onífáàfù tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ní bọ́ọ̀dù rárá. Wáyà ni wọ́n fi so ẹ̀yà kan mọ́ èkejì nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ ènìyàn ló sì so ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yí ìyẹn padà ni Paul Eisler, Júù ọmọ Vienna tí kò ríṣẹ́ ṣe nílùú rẹ̀ tó fi kọjá sí London. Ní nǹkan bí ọdún 1936 ló to rédíò kan tó jẹ́ pé bàbà pẹlẹbẹ ló gba ipò wáyà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó gbé e lọ bá kò gbà á, wọ́n ní owó táṣẹ́rẹ́ làwọn ń san fún àwọn ọmọbìnrin tó ń so wáyà fáwọn. Ogun Àgbáyé Kejì ló jẹ́ kí ayé mọ iyì irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà lò ó fún rédíò kékeré tí wọ́n kì sínú ọta àgbá. Ní 1948 ìjọba wọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò.

Màsítà kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tuntun mú pẹ́ńsùlù. Bọ́ọ̀dù tó ti kú ló máa ń gbé fún un: ti tẹlifísọ̀n Jàpáánù, ti rédíò Akasanoma tí wọ́n tò ní Gánà níbí. A ó dojú ẹ̀ délẹ̀, a ó máa fi ìka tọ ọ̀nà bàbà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya àwọn ọ̀nà náà. Wọ́n á lẹ téèpù dúdú mọ́ ìwé ọ̀rá tó tóbi ju bọ́ọ̀dù gangan lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́rin, kámẹ́rà á wá sọ ọ́ di kékeré. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà wọn fi máa ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, tó ń yà fún ihò, tó ń sanra níbi tí àyè bá gbà á. Títí dòní, mo lè jókòó ti irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kí n máa wò ó, kó má sú mi.

Bí a bá ti ń tọ̀ ọ́ lọ ni Màsítà máa ń da ìbéèrè bò wá. Níbo ni iná ti wọlé? Níbo ni ohùn ti jáde? Kí ló dé tí wọ́n fi gbé kapásítọ̀ ńlá yìí jìnnà sí irin tó ń gba ooru? Omi wà nínú kapásítọ̀ yẹn, ooru a sì máa gbẹ ẹ́. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lórí Sẹ́ńtígíréètì lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó ya tẹlifísọ̀n yẹn mọ̀. Ó ti rò ó kó tó fa ọ̀nà kankan.

Nígbà tó yá ló wá bi mí lórí ámpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan pé, “Ẹ̀yà wo lo máa kọ́kọ́ gbé sílẹ̀?”

“Tìráńsísítọ̀ ńlá ni, Màsítà.”

“Irin tó máa gba ooru rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ló wà? Ibo ni ihò síkúrúù wà lára àpótí? Ibo ni ẹnu máíkì?”

“N ò tíì wò ó, sà.”

“Lọ wọn àpótí wá.”

Inú àpótí ni bọ́ọ̀dù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àpótí bá ti so mọ́lẹ̀ kò ṣe é yẹ̀: ihò síkúrúù, kọ́kọ́rọ́ ohùn tó gbọ́dọ̀ yọrí síwájú, ẹnu ibi tí sípíkà ń kì bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń gbóná. Lẹ́yìn náà làwọn tí kì í fẹ́ ariwo, irú ẹnu máíkì, tó jẹ́ pé iná bíńtín ló ń gbà wọlé. Bí ẹnu máíkì bá sún mọ́ tiransifọ́mà, kò sí ọgbọ́n ọ̀nà bàbà tí ẹnikẹ́ni máa dá tí ẹ̀rọ náà ò ní máa kùn hùùù títí pásítọ̀ á fi parí ìwàásù.

Bọ́ọ̀dù olójú kan là ń lò, torí òun lowó wa ká. Lórí ojú kan, ọ̀nà méjì ò gbọdọ̀ kọjá lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n òkè ni rẹsísítọ̀ dùbúlẹ̀ sí, àlàfo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó nǹkan bíi mìlímítà 10, ọ̀nà mìíràn sì lè gba àárín ẹsẹ̀ náà kọjá nísàlẹ̀. Bí o bá yí rẹsísítọ̀ kan péré nà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà mẹ́ta tó ti há lè là lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹni tó ń tò ti ń fa ọ̀nà, bí kò tiẹ̀ tíì fa ilà kankan. Màsítà á jókòó ti bébà onígun-mẹ́rin kéékèèké láti àárọ̀ títí wọ́n á fi gbé fufu ọ̀sán dé, á máa yà, á máa pa á rẹ́. Bó bá wá kan fífa ọ̀nà, kì í pẹ́ ẹ. Jọ́ḿpà, wáyà tí a fi ń fo ọ̀nà, kì í fẹ́ ju ẹyọ méjì lọ lórí bọ́ọ̀dù kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ní ká lọ tún un tò.

Ìyókù, iṣẹ́ ọwọ́ ni. A ó da àwòrán náà kọ sórí bàbà ní òdì, torí ohun tó wà lọ́tùn-ún lókè, òsì ló máa bọ́ sí nísàlẹ̀. Kútéèsì èékánná la fi ń kun ọ̀nà. A ó wá kì bọ́ọ̀dù bọ ásíìdì nínú ọpọ́n oníke, a ó máa mì í jẹ́jẹ́ nínú oòrùn, torí ó ń yá bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbà tí kútéèsì ò bò á jẹ dànù. Bí ásíìdì yẹn bá ta sí aṣọ, kò sí ọṣẹ tó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Dírìlì 0.8 mm la fi ń lu ihò rẹsísítọ̀.

Àwọn áísì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó kó ọ̀pọ̀ tìráńsísítọ̀ sínú, ló wá túbọ̀ sọ títò di dandan. Áísì máa ń fa iná lójijì, láàárín ìdá bílíọ̀nù mélòó kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀nà tó gùn ò sì lè tètè gbé iná náà dé. Nítorí ẹ̀ la fi ń fi kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 104 sí lára sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ tó fi ń gba iná. Àmù ẹ̀bá ìdáná ni 104 yìí: obìnrin tó ń se ọbẹ̀ ò lè máa sáré lọ sódò nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ bu omi ife kan. Bí wọ́n bá gbé àmù lọ sẹ́nu géètì, àmù wà nílé lóòótọ́, ọbẹ̀ á sì jóná. Mo ti rí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí 104 pé sí, tí gbogbo wọn kóra jọ sí kọ̀rọ̀ kan tí àyè ṣẹ́ kù. Ẹni tó yà á fa ọ̀nà tán kó tó rántí wọn.

Kumasi ti mọ bí a ti ń so yunifásítì mọ́ ṣọ́ọ̀bù. KNUST, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952 tó sì di yunifásítì ní 1961, dá Technology Consultancy Centre sílẹ̀ ní 1972, nígbà tó sì di 1980 wọ́n ti ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Suame Magazine láàárín àwọn mẹkáníìkì. Iṣẹ́ irin ni ìyẹn. Ní tiwa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fẹsẹ̀ ara wọn wá sí Asafo, tí wọ́n gbé iṣẹ́ àṣejáde wọn lọ́wọ́, àwọn náà ló sì gbé kọ̀ǹpútà wá bá wa. Protel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya bọ́ọ̀dù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1985, ni mo kọ́kọ́ rí. Lójú rẹ̀, òwú tín-ín-rín so ẹsẹ̀ gbogbo ẹ̀yà tó yẹ kó bá ara wọn pàdé. Bí o bá ń sún ẹ̀yà, òwú ń tẹ̀ lé e. O ó máa sún un, o ó máa yí i, títí òwú tó kọjá lórí ara wọn á fi dín kù. Ohun tí Màsítà ń fi rọ́bà ìpawérẹ́ ṣe lórí bébà nìyẹn!

Kọ̀ǹpútà náà mọ ọ̀nà fà fúnra rẹ̀. C. Y. Lee ti Bell Labs ti kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1961: bí ọ̀nà bá wà láti ibì kan dé ibì kan, ìlànà náà á rí i. Àmọ́ kò mọ èyí tó ń gbé iná ńlá nínú wọn, kò sì mọ èyí tí kì í fẹ́ ariwo, àfi bí o bá sọ fún un. Èmi kì í lò ó, mi ò sì gba ọmọ iṣẹ́ mi láyè láti lò ó.

Nígbà dumsor, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 2012 sí 2016, ínfátà ló gbà wá lọ́wọ́. Ínfátà wáàtì 500 tó ń lo bátìrì fóòtì 12 ń fa iná tó ju ámpíà 40 lọ. Bàbà bọ́ọ̀dù tí a sábà ń lò ò nípọn ju máíkírómítà 35 lọ. Ọ̀nà tó fẹ̀ tó 0.3 mm lè gbé ámpíà 1 lórí rẹ̀ láì gbóná kọjá ààlà. Ámpíà 10 ń bèèrè bíi 7 mm. 40 ti kọjá ohun tí bàbà lásán lè gbé. Ohun tí a ṣe ni pé a to àwọn mọ́sífẹ́ẹ̀tì, ìyẹn tìráńsísítọ̀ tó ń gbé iná ńlá, sétí bọ́ọ̀dù, kí ẹ̀yìn wọn kan irin ooru, a gbé ẹnu bátìrì àti ẹnu tiransifọ́mà tì wọ́n, kí ọ̀nà tó wà láàárín wọn má gùn ju oríkèé ìka lọ. A wá jó wáyà bàbà tó nípọn mọ́ ọn, a fi òjé bò ó. Áísì tó ń darí wọn wà ní ìkángun kejì, ilẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì, sì dá rìn títí ó fi pàdé ti iná ńlá lójú kan ṣoṣo, nídìí ẹnu òdì bátìrì. Àwọn ínfátà tí a tò báyìí ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn ènìyàn.

KiCad ni ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya bọ́ọ̀dù báyìí. Jean-Pierre Charras bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Grenoble ní 1992, ọ̀fẹ́ ni, CERN sì wà lára àwọn tó ti ràn án lọ́wọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí Shenzhen ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń bá mi ṣe bọ́ọ̀dù náà. Orúkọ fáìlì náà ni Gerber, orúkọ Joseph Gerber, Júù ọmọ Vienna mìíràn tó sá fún Hitler lọ sí Amẹ́ríkà ní 1940. Ìlú kan náà ló fún wa ní bọ́ọ̀dù, òun náà ló fún wa ní èdè tí a fi ń rán an níṣẹ́. Bọ́ọ̀dù márùn-ún olójú méjì lè má gbà ju dọ́là mélòó kan lọ, owó ọkọ̀ a máa ju owó ọjà. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ nítorí pé ó pọ́ọ́kú, àwọn ọmọ ń rán an lọ kí wọ́n tó rò ó, àkókò tí Màsítà ń lò nídìí bébà ti ń pòórá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá oníná ní Kumasi, Ìbàdàn àti Èkó, ẹ má kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní àtúnṣe nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ bí a ti ń ya bọ́ọ̀dù látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán ẹ̀yà sórí bébà bí ó ti tóbi tó gan-an, kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí wọ́n tò ó sínú àpótí tó máa gbé e, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Bọ́ọ̀dù tó ti kú pọ̀ níbẹ̀, a kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jókòó kà wọ́n.