Bísí, Ọ̀rọ̀ Sòbìà Ni Mo Bá Dé

Badore, Ajah

Bísí Aláròyé mi,

Níbí yìí, òjò ti sọ wá di ará odò. Lánàá, kòròpé tó gbé mi láti Sangotedo já mi sílẹ̀ létí àgbàrá, dẹ́rẹ́bà ní mọ́tò lòun ń wà, òun kì í ṣe ọlọ́kọ̀ ojú omi. Mo ká ìró sókè, mo wọ odò. Bómi ṣe dé orúnkún mi, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin mi. Má pariwo o, mi ò tíì fẹ́ ọkọ míì! Ọ̀mọ̀wé Ṣànyà Ọnàbámirò tó ṣèwádìí sòbìà ni mò ń sọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ tí mò ń kọ nípa rẹ̀.

O ò lè gbàgbé Bọ̀ọ̀dá Táyé àti igi ìṣáná tó máa ń fi ká sòbìà jáde lẹ́sẹ̀. Mo júwe rẹ̀ fún àbíkẹ́yìn mi, ó ní kí n yéé dẹ́rù ba òun. Ṣé mo lè bá a wí, ẹni tí kò rí sòbìà rí? Ní 1988 sí 1989, àwọn tí wọ́n kà pé sòbìà mú ní Nàìjíríà lé ní 600,000. Nígbà tó di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ní 1951, Ọnàbámirò tẹ ìwádìí kan jáde lórí abúlé kan níhà ọ̀dọ̀ tiwa, nípa bí kòkòrò inú omi tí wọ́n ń pè ní Thermocyclops nigerianus ṣe ń gbé sòbìà wọ ara èèyàn. Kòkòrò tójú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, òun náà ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà! Èèyàn á mu ún mọ́ omi, á tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn náà tó lu ẹsẹ̀ jáde. Oró rẹ̀ á wá lé onítọ̀hún lọ ki ẹsẹ̀ bọ odò, ibẹ̀ gan-an sì laràn ń fẹ́ kó ti tú ọmọ ẹ̀ sílẹ̀. Bísí, èmi tí mo ń pera mi ní òǹkọ̀wé, mi ò lè ronú irú ọgbọ́n àrékérekè yẹn láéláé.

Àmọ́ bí mo bá ti dárúkọ ọkùnrin yìí lójú àgbàlagbà, ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń bá bọ̀. Lóòótọ́, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ni, ó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì jẹ́rìí fún ìjọba nínú ẹjọ́ tó sọ Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, sẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 1963. Bàbá kan ládùúgbò wa ní òun ò ní fọwọ́ kan ìwé mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ti ń kà tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni ò jẹ́.

Ẹ̀rù kí ohun tó ṣe orúkọ Efúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, má ṣe tirẹ̀ náà ló ń bà mí. Látìgbà tí eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó fi í hàn bí ìkà ti jáde ní 1970, àwọn onítàn ì báà jiyàn títí, èèyàn mélòó ló ń gbọ́? Ìdí nìyẹn tí ìwé mi ò fi ní dé kóòtù. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní láìsí kóòtù, kò ní tà. John Banville, ọmọ Ireland, kọ ìtàn Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀, ní 1981, wọ́n sì kà á. Ẹni tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ lóru àtẹni tó ń ṣọ́ kòkòrò nínú ìgò, kí ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tíwèé ò sọ. Ta ló bá Ọnàbámirò ru ìgò omi? Kí làwọn ará abúlé ń rò nígbà tí ọ̀mọ̀wé ń bu omi ìdọ̀tí wọn gbé lọ Ìbàdàn? Mo ti dá oníṣègùn kan sílẹ̀ tí á máa bá a fa ọ̀rọ̀, Olúgànbe ni mo sọ ọ́. Ṣebí òwe ní bí sòbìà yóò bá degbò, òun là á ké sí! Kò dẹ̀ gbọ́n ju ọ̀mọ̀wé lọ, kò sì gọ̀ jù ú lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí n fi já sí Àgọ́-Ìwòyè, ìlú Ọnàbámirò. Bí gó-síló Lekki ṣe rí yìí, ó lè yá ju kí n lọ Ìkẹjà lọ.

Jọ̀ọ́, bá mi yà ní ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba sí ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí o wo ohun tí àwọn wolé-wolé ayé òyìnbó kọ nípa kànga àti omi mímu ní abúlé. Kí o tún fi ẹ̀lùbọ́ rán ẹni tó bá ń bọ̀ l'Ékòó. Èyí tí wọ́n tà fún mi níbí, yanrìn ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣadé