Ìgò Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Ìwé Ìròyìn Wé

Ọ̀gá Wáìnì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Gwarinpa, l'Ábùjá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí òde tí wọ́n ti ń ṣí ìgò tí kì í kọ́kọ́ gbé gíláàsì sí imú kó tó fi kan ẹnu. Ti ilẹ̀ Faransé nìkan ni wáìnì lójú tirẹ̀. Omi ṣúgà ni ìyókù.

Bó bá jẹ́ pé fáàrí lásán ni, ta ni ì bá bá a wí? Ṣùgbọ́n ìdána ọmọbìnrin rẹ̀ ku oṣù kan. Ó ti pinnu pé nínú owó ìfẹ̀yìntì òun ni òun yóò ti ra ogún páálí wáìnì Faransé fún àwọn àna. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí wọ́n ra ti Gúúsù Áfíríkà tí òun rí ní ọjà Wuse, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn, kí wọ́n fi ìyókù tún páànù ilé wọn ní Iléṣà ṣe, èyí tó ń jò. Èsì tó fún un kò dára létí. Ó ní ẹni tó dàgbà sídìí agbè ẹmu kò lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wáìnì. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí kò ti dá sí ọ̀rọ̀ ìdána mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá jẹun. Ìgbín aláta wà nílẹ̀, ẹja yíyan àti dòdò náà wà. Èyí tó kéré jù láàárín wọn, olùkọ́ yunifásítì kan, gbé ìgò mẹ́ta kalẹ̀. Ó ti fi ìwé ìròyìn wé wọn dé ọrùn, ó sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ wọn wò, kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ ti Faransé fún wa."

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì ní Paris, kó adájọ́ mẹ́sàn-án jọ, ọmọ Faransé ni gbogbo wọn, ó sì fi orúkọ inú ìgò pamọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ka máàkì tán, wáìnì California ló gba ipò kìíní nínú pupa, òun náà ló gbà á nínú funfun. Stag's Leap ni pupa, Chateau Montelena ni funfun, ọdún 1973 ni wọ́n sì ká àjàrà àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ọ̀hún tilẹ̀ mu ti California, ó ń yìn ín pé òun ti padà dé Faransé!

Ọ̀gá Wáìnì rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ ìgò kìíní wò, ó fajú ro. "Èyí ti kan. Ọjà gbàǹjo ni." Ó mu ìkejì, ó dákẹ́, ó tún bu sí i. Ó ní Faransé rèé, èèyàn kò lè ṣì í mọ̀. Ìkẹta, tó wá láti Sípéènì, kò rí ẹni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Wọ́n tú ìwé. Ìgò kejì ni èyí tí ìyàwó rẹ̀ rà ní Wuse: Pinotage ni, láti Stellenbosch, àjàrà tí Abraham Perold fi oríṣi méjì mú jáde ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1925. Ìgò kìíní, tó pè ní gbàǹjo, ti ilẹ̀ Faransé ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ tò sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ ọ́ fún olùkọ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ká má sì parọ́ mọ́ àwọn Faransé, ooru ló ba ìgò náà jẹ́. Ọdún mẹ́rin ló fi wà ní ìdúró lókè sítóòfù. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ wọlé, wáìnì kan.

"Bàbá mi ì bá ti mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ sọ, bó ti ń rọra kó àwo. Ẹmu tí wọ́n bá gbé sọ̀ ní ìdájí a máa dùn bí oyin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Bàbá náà kì í béèrè oko tó ti wá. Bó bá ti tọ́ ọ wò, ó mọ̀ bóyá ti ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, ó sì mọ̀ bí wọ́n bá ti bu omi là á.

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àlejò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n gbájú mọ́ ìgbín.

"Ìyá ìyàwó," ó pè é, "èló ni wọ́n pe páálí kan fún ọ níjọ́sí?"

Ó sọ iye rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó jókòó, kó wá mu nínú ìgò kejì.

"Ẹ jẹ́ kí n kó àwo tán ná," ni obìnrin náà wí.