Sóbò, Káún àti Ìbéèrè Ọmọ Kíláàsì Karùn-ún

Bí ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ kan n'Íbàdàn, ẹ̀yìn ló máa ń ká ọwọ́ méjèèjì sí. Obìnrin kúkúrú ni, adúmáadán, ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n létí aṣọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, àmọ́ ó máa ń dé ẹ̀yìn kíláàsì. Bí ọmọ kan bá ń bu omi tó fẹ́ dà á nù, ẹ ó rí i tí èjìká rẹ̀ á sún síwájú díẹ̀, tí ìka rẹ̀ á máa jà lẹ́yìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọmọ. Omi á dànù. Ọmọ á nu tábìlì, á tún un bù.

Orí ìbéèrè ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ti kó orúkọ iṣẹ́ ńláńlá wá láti ilé: òkè ayọnáyèéfín, ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n fi bàlúùnù ṣe, iná tó ń lo oòrùn. Ohun kan náà ni Àǹtí ń bi gbogbo wọn: "Kí lo fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?" Ọmọkùnrin olókè ayọnáyèéfín wo ilẹ̀. Bùọ̀dá òun tó jẹ́ káfíńtà ló fẹ́ bá òun kàn án; òun ṣáà fẹ́ kó yọ èéfín. "Ó dáa. Bùọ̀dá ẹ ló máa wá dúró nídìí tábìlì nígbà yẹn." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Èmi ò kórìíra òkè ayọnáyèéfín o, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí bàbá ọmọ máa fi mọ́tò gbé iṣẹ́ tí ọmọ kò fọwọ́ kàn wá sẹ́nu géètì, kí wọ́n sì fún un ní ipò kìíní, ìdíje àwọn káfíńtà nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta sóbò ló mú ìbéèrè gidi wá. Ó nawọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá fi ọṣẹ fọ kọ́ọ̀bù sóbò, omi ibẹ̀ máa ń dà bí omi aró. Sóbò sì rèé, pupa ni." Àǹtí kò dá a lóhùn. Ó yíjú sí bọ́ọ̀dù, ó kọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó wá bi àwọn yòókù pé kí ni wọ́n rò pé ó fà á. Wọ́n ní ọṣẹ ló ní aró nínú. Wọ́n ní kọ́ọ̀bù ló dọ̀tí. Ẹnì kan ní nǹkan kíkan àti nǹkan tí kò kan ni wọn ò rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló kọ, kò sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ohun tí wọ́n kó jọ kò ná ẹnikẹ́ni lówó tabua. Wọ́n rẹ ìsápá pupa gbígbẹ sínú omi gbígbóná, wọ́n fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, omídùn láti orí ògì, iyọ̀, ṣúgà, káún, ọṣẹ dúdú. Ọmọ kan tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ aláró mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, torí pé omi eérú ni wọ́n fi ń po aró. Ibí yìí nìkan ni ọwọ́ Àǹtí ti jáde: òun fúnra rẹ̀ ló bu omi eérú, nítorí ó lè bó ara, kò sì gbọ́dọ̀ ta sójú ẹnikẹ́ni. Ó tún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tọ́ nǹkan kan wò, ìbáà jẹ́ ṣúgà.

Ìjà ṣíbí ló tẹ̀lé e. Ọ̀kan fi ṣíbí ńlá bu omi káún, èkejì fi ṣíbí tíì bu omi ọsàn. Àǹtí bi wọ́n pé bí àwọ̀ bá yí, ṣé káún la máa ní ó yí i ni, àbí ṣíbí ńlá. Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò: ṣíbí tíì ni gbogbo kọ́ọ̀bù máa gbà, sóbò inú wọn á dọ́gba, ṣíbí kan ò sì ní í ti inú nǹkan kan bọ́ sínú òmíràn láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ bu omi lásán sí ló pẹ́ kó tó yé wọn. Wọ́n ní ìfiṣòfò ni, àfi ìgbà tí ọmọ tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ aláró sọ pé, "Tí a ò bá ní i, kí la máa fi èyí tó yí wé?"

Mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù káún. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sínú sóbò, ó rì, ó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ àlùkò lọ sísàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e mú okùn náà fẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan rò ó, pupa náà lọ, àwọ̀ aró yọjú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Kọ́ọ̀bù ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dán. Iyọ̀ àti ṣúgà ò ṣe nǹkan kan.

Ó dìgbà tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí tán kí Àǹtí tó sọ̀rọ̀: pé èròjà inú ìsápá tí wọ́n ń pè ní anthocyanin máa ń yí àwọ̀ bó bá pàdé ásíìdì tàbí alkali, pé Robert Boyle ti kọ̀wé lórí irú rẹ̀ ní 1664, òdòdó violet ló lò, pé ní 1909 ni Sørensen, ará Denmark, gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀. Kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ká ní òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ni, ohun tó sọ ni wọn ì bá rí nínú kọ́ọ̀bù.

Ọṣẹ dúdú ló já wọn kulẹ̀. Wọ́n ti fọkàn sí i pé òun ló máa yí sóbò jù, àmọ́ àwọ̀ tirẹ̀ bo ti sóbò mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe akọ̀wé ti mú ìpàwérẹ́ láti pa á rẹ́. Àǹtí bi í bóyá ó ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀. Ó ní ó ṣẹlẹ̀. Ó bá kọ ọ́: "A kò rí i dáadáa nítorí ọṣẹ náà ní àwọ̀ tirẹ̀. A máa fi ọṣẹ funfun tún un ṣe." Mo mọ àgbàlagbà tó ń gbowó lórí iṣẹ́ ìwádìí tí irú gbólóhùn yẹn kò tíì jáde lẹ́nu wọn rí.

Òbí kan lọ tẹ ọ̀rọ̀ ara kádíbọ́ọ̀dù tí wọ́n máa gbé síbi ìpàtẹ wá láti ibi kọ̀ǹpútà, ó mọ́ tónítóní. Àǹtí dúpẹ́, ó ká a sínú dúrọ́ọ̀. Lẹ́tà àwọn ọmọ wọ́ gan-an ni. Àǹtí kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò rí nǹkan kan kà láti ibẹ̀, àwọn fúnra wọn ló fà á ya tí wọ́n tún un kọ gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló le jù. Ọmọbìnrin wa ti há Gẹ̀ẹ́sì sórí, ó ń kà á bọ̀ wéréwéré, ó já lójijì, ojú rẹ̀ sì ń wá gbólóhùn náà kiri àjà. Àǹtí ní: "Fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi ni màmá ẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Kí lẹ ṣe lónìí?" Ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀ ní Yorùbá, tọwọ́tẹsẹ̀. Láti inú èyí ni wọ́n ti wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣáájú rẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà ò sì tìtorí rẹ̀ burú.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, adájọ́ kan tẹ̀ sí tábìlì wọn. Ó ní: "Tí ẹ bá wá da omi ọsàn sínú èyí tó ti di àwọ̀ ewé yìí ńkọ́?" Kò sí lára kádíbọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin náà wo kọ́ọ̀bù, ó ní, "A ò tíì dán ìyẹn wò, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó." Omi ọsàn bọ́ sínú káún, ó hó, ìfófòó gùn ún, pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú rẹ̀. "Ó ń hó! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!" Adájọ́ fi bírò rẹ̀ sápò, ó na ọwọ́ sí ṣíbí, òun náà fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.